Rọ́kẹ́ẹ̀tì Inú Ike Mínírà

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn iléèwé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè wọn

(Ìlù ìdánimọ̀ á dún, á sì rọlẹ̀.)

Rọ́kẹ́ẹ̀tì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí. Èyí tí mo ní lọ́kàn kọ́ ni ti inú tẹlifíṣọ̀n. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ JSS 2 lè fọwọ́ ara wọn ṣe nínú kíláàsì ni, tí yóò gbéra nílẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù, tí yóò ga kọjá òrùlé ilé alájà méjì, láìsí iná, láìsí ẹ̀tù, láìsí epo.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, ẹ jẹ́ ká rántí pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dé Ìkòròdú kí ọ̀dà tó kan títì rẹ̀, kí iná mànàmáná tó dé ibẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1865 ni. Àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ará Ìkòròdú ń jẹ́ kí Ìbàdàn rí ọ̀nà gbà dé etí ọ̀sà lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kó àwọn sójà West India àti àwọn ọmọ ogun Haúsá kọjá ọ̀sà, wọ́n sì kó rọ́kẹ́ẹ̀tì dání. Nígbà tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já lu àgọ́ Ẹ̀gbá, àgọ́ tú. Jagunjagun tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ọta ìbọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí irin tó ń rú èéfín, tó ń súfèé, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò yà sí.

Èkó ti rí tirẹ̀ ṣáájú. Nígbà Ogun Àgídíǹgbì, ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ilé ń jó. Ẹ̀yìn ìjà yẹn ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ, tó sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó. Àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àtọmọdọ́mọ wọn, ṣì ń fi ọdún Káyòkáyò ṣèrántí bí wọ́n ṣe débẹ̀. Bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, rọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tó lé wọn dé Ẹ̀pẹ́.

Lónìí ńkọ́? Ní Ẹ̀pẹ́ kan náà, ìjọba àpapọ̀ ní ibùdó kan tó ń jẹ́ Centre for Space Transport and Propulsion. Ìwádìí lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀. Abẹ́ NASRDA ló wà, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 fún ọ̀rọ̀ òfurufú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ ra ẹja lọ́jà Olúwo kò gbọ́ nípa ibùdó yìí rí, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́. A ní sátẹ́láìtì o. NigeriaSat-1 gòkè ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló sì gbé e. NigComSat-1 gòkè lọ́dún 2007, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣáínà ló gbé e. NigeriaEduSat-1, tí Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, gòkè lọ́dún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ló gbé e. Gbogbo ẹrù wa tó dé òkè yẹn, orí olórí la fi rù ú.

Mi ò ní kí ọmọ JSS 2 lọ yanjú ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí kò fọwọ́ kan rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan rí, bó ti wù kó kéré mọ, inú ìwé nìkan ni yóò ti máa bá a pàdé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló lè ka òfin kẹta Newton láì kọsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe é kí ẹ rí i, ẹnu á wọhò. Ẹ̀bi wọn kọ́. Orí bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti dà á kọ.

Òfin náà gan-an kò le. Ọdún 1687 ni Newton tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á ti ìwọ náà padà, bí agbára tí o lò ṣe tó ni tirẹ̀ náà á tó, òdìkejì ni yóò sì tì ọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sójú ọ̀sà. Àwọn tó ń wa iyanrìn ní Báyékù mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ lójú omi, tí ẹnì kan wá dúró nídìí rẹ̀, tó gbé àpò iyanrìn tó wúwo, tó fi tagbáratagbára jù ú sẹ́yìn, ọkọ̀ á sún síwájú. Bó bá ju òmíràn, á tún sún. Kò fi àjẹ̀ kan omi, kò fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ọ̀sà. Àpò tó tì sẹ́yìn ló ti òun àti ọkọ̀ rẹ̀ síwájú. Gbogbo iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn: ó ń ju nǹkan sẹ́yìn, kíákíá, láìdúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ńṣe ni èéfín ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ti ilẹ̀, tàbí pé afẹ́fẹ́ ló ń tì. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, àwọn ọ̀mọ̀wé ti wà níbẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1920, ìwé ìròyìn New York Times bu ẹnu àtẹ́ lu Robert Goddard, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, pé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ iléèwé girama gan-an kò yé e, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1926, Goddard fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lo epo bẹntiróòlù àti ọ́síjìn olómi hàn ní Auburn, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀ péré ló lò lókè, gíga rẹ̀ kò ju mítà 12 àti ààbọ̀ lọ. Ike mínírà tí à ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lé lórí yìí lè ga ju ìyẹn lọ! Ìwé ìròyìn náà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1969, lọ́jọ́ kejì tí Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá.

(Ìlù díẹ̀.)

Ó yá, ẹ mú bírò. Ìyá kan lè máa ronú báyìí pé, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa ní báńgà ṣíṣe?" Rárá o, Ìyá. Gbogbo ọdún ni àwọn ọlọ́pàá ń kéde pé àwọn ò fẹ́ gbọ́ ìró báńgà lásìkò Kérésì, òfin ohun abúgbàù tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 1964 kò sì fàyè gba kí ẹnikẹ́ni máa po ẹ̀tù láìgbàṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé máa ń ra ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ilé-iṣẹ́ ti dì pa. Ohun tó fà á ni pé, ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ tó ń po tiwọn nílé ń fi ìka àti ojú dí i. Torí náà, olùkọ́ tó bá rí ọmọ tó ń họ orí ìṣáná sínú páìpù, kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ni tiwa.

Ike mínírà oní lítà kan àbọ̀ ni kí ẹ wá, ti mínírà tó ń hó. Ike omi mímu ò dáa, ó fẹ́lẹ́. Ti mínírà, wọ́n ti ṣe é kó lè gba gáàsì mọ́ra. Kó má ní ojú ọgbẹ́ lára, kó má ti gbé inú oòrùn pẹ́. Ẹ wá pọ́ǹpù elésẹ̀ tó ní géèjì, irú èyí tí àwọn onímọ́tò máa ń fi sí bọ́ọ̀tù, kí ẹ sì fi rọ́bà kún rọ́bà rẹ̀ kó gùn tó mítà márùn-ún. Ẹ wá abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ wá rọ́bà ìdígò, irú tí wọ́n ń lò nínú lábọ̀, tí yóò há mọ́ ẹnu ike náà pinpin. Lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì oníke tó ti gbó, téèpù, amọ̀ díẹ̀, okùn. Mi ò rò pé ó yẹ kí n kọ́ ará Ìkòròdú bí wọ́n ṣe ń fi ohun àlòkù dárà. Ìlú yìí kan náà ni àwọn ọmọ Ikorodu Bois ti fi ohun èlò inú ilé ṣe àwòkọ ìpolówó fíìmù Extraction lọ́dún 2020, tí àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an lókè òkun fi kan sáárá sí wọn.

Rọ́bà ìdígò yẹn ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ẹ fi òòlu tẹ́ẹ́rẹ́, irú tàwọn oníbàtà, lu ihò láàárín rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ sì ti abẹ́rẹ́ bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀, láti apá ibi tó fẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa rí wàhálà rẹ̀: abẹ́rẹ́ kì í gùn tó rọ́bà. Orí rẹ̀ á fara pamọ́ sínú, ẹ ó máa tẹ pọ́ǹpù títí òógùn á fi bò yín, atẹ́gùn ò ní wọlé. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ tó mú, kó máa ré rọ́bà náà wẹ́wẹ́ lápá ibi tó fẹ̀, kó máa dán an wò, títí ihò kékeré tó wà létí orí abẹ́rẹ́ yóò fi yọ síta lódìkejì. Kó má ré apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ o, torí apá yẹn ló ń wọ ẹnu ike. Bó bá ti yọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu pọ́ǹpù, kí ẹ ri rọ́bà bọ inú báàfù omi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ló ń jò. Orí abẹ́rẹ́ nìkan ló yẹ kó ti máa hó.

Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ da orí ike kodò, ẹnu rẹ̀ ni yóò kọjú sílẹ̀. Ẹ gé ìyẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dọ́gba lára fáìlì oníke, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n gùn kọjá ẹnu ike, kó lè fi wọ́n dúró nílẹ̀, kí rọ́bà ìdígò sì ráyè lábẹ́. Páálí kò dáa fún ìyẹ́, omi á rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì wó. Gúlúù alágbára náà ò dáa, ó ń mú kí ara ike gan kó sì sán. Ní òkè, ẹ ká ìwé líle ní ṣónṣó, kí ẹ fi amọ̀ tó tó ìdajì ẹyin adìyẹ sínú rẹ̀, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ike tó ti di orí. Ẹ má fi irin síbẹ̀, ẹ má fi òkúta síbẹ̀, ohun tó bá gòkè á padà wálẹ̀ sórí ẹnì kan.

Àwọn ọmọ á bi yín pé kí ni amọ̀ ń ṣe lórí ohun tí a fẹ́ kó fúyẹ́. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí William Congreve ṣe fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ọ̀pá gígùn kan tó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì dá a mọ̀, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Tipu Sultan ti Mysore ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló ń jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ìyẹ́ tiwa ló gba iṣẹ́ ọ̀pá. Ibi tí ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì ti dọ́gba gbọ́dọ̀ wà níwájú ibi tí atẹ́gùn ti ń rí i tì jù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí orí bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, atẹ́gùn á gbá ìdí rẹ̀ mú, á tún un tò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì á kàn máa ta tàkìtì lókè ni. Amọ̀ ń fa ìwúwo síwájú, ìyẹ́ ń fa atẹ́gùn sẹ́yìn.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò kó tó fò. Láìsí omi nínú, ẹ gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì lé ìka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi rí ibi tó ti dọ́gba. Ẹ so okùn mọ́ ibẹ̀, kí ẹ fi téèpù dè é. Kí ọmọ kan dúró ní àárín pápá, kó di okùn náà mú ní mítà méjì, kó máa fì í yí orí ara rẹ̀ ká. Bí ṣónṣó bá ń ṣáájú, rọ́kẹ́ẹ̀tì yín ti ṣe tán. Bí ìdí bá ń ṣáájú, ẹ fi amọ̀ kún un tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ sí i. Mo fẹ́ràn apá yìí ju fífò rẹ̀ lọ. Ọmọ tó fi amọ̀ díẹ̀ kún un, tó tún un fì, tó rí i tí orí rẹ̀ yí padà síwájú lójú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa ṣàlàyé ìyẹn fún un mọ́. Ìdí tí a ò fi fi omi sí i ni pé omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀ rárá, òfìfo ló fi ń rin ọ̀pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀.

(Ìlù díẹ̀.)

Ọjọ́ fífò dé. Ẹ lọ láàárọ̀, kí atẹ́gùn ọ̀sà tó dé. Pápá tó ṣí ni kí ẹ lò, tó jìnnà sí wáyà iná, sí òrùlé páànù, sí ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà. Ẹ wọn omi ìdajì lítà sínú ike. Ẹ ti rọ́bà ìdígò bọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ lọ́ ọ díẹ̀ kó lè há. Ẹ yí i padà, kí ẹ gbé e dúró lórí ìyẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo kíláàsì sún sẹ́yìn mítà mẹ́wàá. Olùkọ́ nìkan ni yóò wà nídìí pọ́ǹpù, pẹ̀lú awò lójú, kó má sì wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí òde lọ́jọ́ náà.

Kó máa tẹ̀ ẹ́. Géèjì á máa gòkè, 10, 15, 20. Nọ́ńbà kan náà tí àwọn fọ́kànáísà ń lò fún táyà ni. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń yọ bùkù-bùkù gba inú omi kọjá lọ sókè ike. Kò sí bọ́tìnnì kankan tí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí rọ́bà lè dì mú lọ, bíi nọ́ńbà 30 bí ó bá há dáadáa, á já fúnra rẹ̀. Pọ̀ọ̀! Omi á tú sílẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì á ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Ní nọ́ńbà 30, omi ń jáde lẹ́nu ike ní nǹkan bíi mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Ó pẹ́ tí dánfó kankan ti sáré tó bẹ́ẹ̀ ní Ketu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé! Agbára tó fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìbẹ̀rẹ̀ tó ìwúwo ẹrù kílò 15, bẹ́ẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì àti omi inú rẹ̀ kò tó kílò kan. Gbogbo omi náà á tán láàárín nǹkan bí ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí ọmọ ń fojú rí kì í ṣe ìgbà tí agbára ń tì í, ìyẹn ti kọjá. Eré àjókù ló ń bá lọ sókè.

Bí géèjì bá wá dé 50 tí rọ́bà kò já, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ tú ẹnu pọ́ǹpù níbi tí ẹ wà, kí atẹ́gùn rọra jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ike lọ bá fọ́kànáísà pé kó fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ fẹ́ ẹ fún yín. Ọ̀rẹ́ wa ni fọ́kànáísà, ó sì lè bá yín fi rọ́bà kún rọ́bà pọ́ǹpù, àmọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé ju bí ojú ṣe lè tẹ̀ lé géèjì lọ, ike tó bá sì bẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò ní sọ pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ike tó bá ti fò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ gé e sí méjì, kó má baà sí ẹni tó máa tún un lò.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ariwo "ó ga gan-an!" kì í ṣe ìwọ̀n. Ẹ mú protractor inú mathematical set, kí ẹ so okùn mọ́ ojú àárín rẹ̀, kí ẹ so ìdè bọ́ọ̀tì kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ okùn. Kí ọmọ kan dúró ní mítà 20 sí ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti máa fò, kó máa fi etí protractor tó gún gbọọrọ wo rọ́kẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń lọ, kó sì di okùn mú mọ́ ọn nígbà tó bá dé òkè pátápátá. Iye ìdá tí okùn fi yẹ̀ kúrò lójú 90 ni igun rẹ̀. Bí igun náà bá jẹ́ 45, ìṣirò ti parí: gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 20, kí ẹ fi gíga ojú ọmọ náà kún un. Bí ó bá jẹ́ 50, àwọn ọmọ SS 1 á wo tan 50 nínú four-figure table, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 20, wọ́n á rí mítà 23 àti díẹ̀. Àwọn JSS 2 tí kò tíì mọ tan kò ní jókòó lásán. Kí wọ́n ya á sínú gíráàfù, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà méjì, kí wọ́n fi rúlà wọn gíga rẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tún un fò: bí a bá fi omi kún ike bámúbámú, ṣé yóò ga ju ti àkọ́kọ́ lọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ kọ ohun tí oníkálukú sọ sójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹ má sì dáhùn. Olùkọ́ tó bá dáhùn kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó fò ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ wá fò ó láìsí omi rárá, pẹ̀lú omi ìdámẹ́rin, ìdámẹ́ta, ìdajì, àti kíkún. Èyí tí kò lómi á ta sókè díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń jù sẹ́yìn kò wúwo tó nǹkan. Èyí tó kún bámú kò ní rí ibi tí yóò fi afẹ́fẹ́ pamọ́ sí, á kàn yọ omi dà sílẹ̀, á sì ṣubú. Ibi tó ti ga jù wà láàárín àwọn méjèèjì, nítòsí ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta. Kí wọ́n ya á sí gíráàfù fúnra wọn.

Mo ní láti fi èyí kún un. Rọ́bà ìdígò kì í já ní nọ́ńbà kan náà lójoojúmọ́. Bí ọmọ tó tì í bọlé bá lágbára, á pẹ́ kó tó já, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì ga jù, kì í ṣe omi ló fà á. Torí náà, kí ẹnì kan jókòó ti géèjì, kó máa pe nọ́ńbà sókè, kí ẹlòmíràn kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gíga. Ẹ fò ó lẹ́ẹ̀mẹta fún ìwọ̀n omi kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn. Mo ti rí kíláàsì tí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́ kí gíráàfù lè dùn ún wò, inú mi ò dùn sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń bẹ̀rù pé èdè Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì, ẹ wo ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láti ọdún 1970 ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ìyẹn ò sì fà wọ́n sẹ́yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ "ìtì" fún wọn, ẹ sọ "ìwúwo", ẹ sọ "ìtẹ̀ afẹ́fẹ́". Ọjọ́ ìdánwò, wọ́n á kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ń kọ á sì ti yé wọn.

Bí ẹ bá ń wá àsìkò tó dáa, Ọ̀sẹ̀ Òfurufú Àgbáyé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ó máa ń parí ní ọjọ́ 10. Ìgbà yẹn, iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìdánwò kò tíì dé. Òjò lè yọ yín lẹ́nu ní Ẹ̀pẹ́, àmọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi omi ṣe kò ní tìtorí òjò bínú.

Àsìkò ti lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí yóò ṣe máa rọra bọ̀ wálẹ̀ dípò kó máa já lulẹ̀ gbì. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá ọ̀rá dúdú tó fẹ̀, okùn ìránṣọ, àti sẹ́lòtéèpù sílẹ̀. Ọ̀rá tí kò tíì ya ni o. Ó dàbọ̀.

(Ìlù ìdánimọ̀.)